Ṣé kámà ló pa ọmọ àbúrò mi? Ìdáhùn fún ìyá aláṣọ kan ní Ìtòkú

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta níbí. Àbúrò mi obìnrin ti bímọ méjì tó kú, àkọ́kọ́ ò pé ọdún méjì, èkejì ò ju oṣù mọ́kànlá lọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì a máa wú kí wọ́n tó lọ. Nílé wa, wọ́n ní àbíkú ni. Ọmọ kọ́sítọ́mà mi kan tó lọ kàwé ní Thailand, tó ti di ẹlẹ́sìn Búdà báyìí, wá sọ fún un pé kámà ni, pé nǹkan kan wà tó ṣe láyé tó ti lò tẹ́lẹ̀. Látọjọ́ yẹn ni ò ti jẹun dáadáa mọ́. Èmi náà wá ń wo fídíò lórí fóònù, mọ́ńkì kan ní àtúnwáyé wà, òmíì ní kò sí, òmíì tún ní kò sí ọkàn kankan tó ń lọ síbì kan. Èwo ni Búdà sọ gan-an? Tí ò bá sí ọkàn, ta ló wá ń padà wá jìyà?"

Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyá wa. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ẹ jẹ́ n ti kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń dùn yín jù, torí táwa tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ilẹ̀ á ṣú. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn sọ wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lóòótọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ ìwé tiwọn gan-an ló takò ó níbi tó ṣe kókó, kò sì yẹ kó sọ ọ́ fún ìyá tọ́mọ kú fún.

Ẹ jẹ́ n gbè é lẹ́yìn díẹ̀ ná, kó má dà bíi pé mò ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi èdè Pali kọ, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Subha lọ bi Búdà, tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, pé kí ló dé tẹ́mìí àwọn kan fi ń gùn tí tàwọn míì ń kúrú, táwọn kan ń ṣàìsàn ṣáá, tẹ́nì kan lówó tẹ́nì kan ò ní. Búdà dá a lóhùn pé ẹni tó bá ń pa ẹ̀dá láìláàánú, tó bá tún ayé wá ní èèyàn, ẹ̀mí ẹ̀ á kúrú, ẹni tó bá ń lu ẹ̀dá á máa ṣàìsàn, ahun á di tálákà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fi bò rárá. Títí dòní, tẹ́ ẹ bá dé Thailand tàbí Burma tàbí Sri Lanka, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àti bàbá. Wọ́n tiẹ̀ ní Moggallana, ọ̀kan nínú ọmọ ẹ̀yìn Búdà tó ga jù, àwọn ọlọ́ṣà lù ú pa torí pé ó ti pa bàbá àti ìyá ẹ̀ láyé kan tó kọjá, ìtàn yẹn wà nínú àwọn ìwé àlàyé tí wọ́n kọ nígbà tí Búdà ti kú tipẹ́. Torí náà ọmọ yẹn ò dá a sọ.

Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Nínú ìdáhùn Subha yẹn náà, ẹni tẹ́mìí ẹ̀ kúrú ló ni ìwà tó fà á, Búdà ní ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ló ni iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀, òun náà ló máa jogún ẹ̀. Ta lẹ̀mí ẹ̀ kúrú nínú ọ̀rọ̀ tiyín yìí? Ṣebí ọmọ ni. Tá a bá tiẹ̀ ní ká fi òfin yẹn mú un ní gbọnmọ gbọnmọ, kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó ní kọ́mọ kú torí ohun tí ìyá ṣe. Ẹnì kan lè ní ẹkún ìyá náà ni kámà ti ìyá, ẹn-ẹ́n, wọ́n lè fà á débẹ̀. Ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ ní kí ọmọkùnrin yẹn ṣí ìwé ẹ̀ síwájú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Subha ni nọ́ńbà 135 nínú ìwé Majjhima Nikaya, ọ̀kan nínú àwọn ìwé Pali yẹn, èyí tó tẹ̀ lé e, nọ́ńbà 136, orí kámà náà ló dá lé, ibẹ̀ sì ni Búdà ti kìlọ̀ pé èèyàn lè jókòó ṣàṣàrò títí ojú inú ẹ̀ á fi là, á rí apànìyàn kan tó bọ́ sí ọ̀run àpáàdì, á wá figbe ta pé bó ṣe ń rí fún gbogbo wọn nìyẹn, ẹni tó bá sọ nǹkan míì ò mọ nǹkan kan. Búdà ní àṣìsọ nìyẹn, torí apànìyàn wà tó bọ́ sí ọ̀run rere, ẹni tí ò pààyàn náà wà tó bọ́ sí àpáàdì, torí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀dá pọ̀, ti àtẹ̀yìnwá wà, ti ìgbẹ̀yìn ayé wà, wọn kì í so lọ́jọ́ kan náà. Tẹ́ni tójú inú ẹ̀ là bá lè ṣì í báyẹn, ẹni tó ka ìwé ní yunifásítì ńkọ́?

Ìkìlọ̀ míì tún wà tó le ju ìyẹn lọ. Búdà ka nǹkan mẹ́rin kan sílẹ̀ tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ máa fi orí ara ẹ̀ wá ìdí ẹ̀, bí èso kámà ṣe ń bọ̀ gan-an wà lára wọn, ó ní ẹni tó bá ń wá ìdí ẹ̀ kiri, wèrè tàbí ìdààmú ló máa kàn án. Ẹ sọ èyí fún àbúrò yín o, kẹ́ ẹ rọra sọ ọ́.

Alárìnkiri kan tó ń jẹ́ Sivaka náà wá bá a, ó ní àwọn kan ń sọ pé gbogbo ohun tí èèyàn bá ń jẹ, dídùn tàbí kíkorò, iṣẹ́ ọwọ́ àtijọ́ ló fà á, kí ni Búdà rí sí i? Búdà ní wọ́n ń sọ kọjá ohun tí wọ́n mọ̀. Ó wá kà á fún un: òróòro lè fà á, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè fà á, atẹ́gùn inú ara lè fà á, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè dà pọ̀, ojú ọjọ́ tó yí padà lè fà á, àìtọ́jú ara lè fà á, kí wọ́n lu èèyàn tàbí kó fara pa lè fà á, kámà náà sì lè fà á. Mẹ́jọ ni, kámà jẹ́ ọ̀kan. Ìmọ̀ ìṣègùn ìgbà yẹn ló fi ń sọ̀rọ̀, ẹ má wo ti òróòro yẹn, ẹ wo bó ṣe tò ó: àìsàn ara kọ́kọ́, kámà gbẹ̀yìn. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fi kámà dẹ́rù ba èèyàn tó rántí mú ìwé yẹn dání.

Ìyá kan wà lásìkò Búdà náà tọ́mọ kú fún, Kisa Gotami. Ó gbé òkú ọmọ sẹ́yìn káàkiri ìgboro, ó ń wá oògùn, ayé ń wò ó bíi wèrè. Búdà ní kó lọ tọrọ hóró músítádì wá láti ilé tí ikú ò tíì wọ̀ rí. Ilé tó bá dé, wọ́n ní músítádì wà, àmọ́ bàbá kú níbí, ọmọ kú níbí, títí ó fi lọ sin ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, Búdà ò bi í pé kí lo ṣe láyé àná. Bẹ́ẹ̀ ìtàn táwọn ẹlẹ́sìn Búdà fẹ́ràn jù láti sọ níbi òkú ọmọ ni.

Kí wá ni kámà? Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tiwa níbí, tẹ́nì kan bá rẹ́nì kan jẹ, "kámà á mú ẹ" ló kù, bíi pé ọlọ́pàá kan wà lókè tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Búdà lórí ẹ̀ ṣe ṣókí: ohun tí èèyàn pinnu lọ́kàn, ìyẹn ni mò ń pè ní kámà, torí ẹ̀yìn ìpinnu ni ara, ẹnu àti ọkàn tó ń ṣe nǹkan. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain tí wọ́n jọ wà ní Íńdíà nígbà náà ní bó o tilẹ̀ ṣèèṣì tẹ kòkòrò pa, ó wọ̀ ẹ́ lọ́rùn, Búdà ò gbà fún wọn. Ó tún ní ìwà burúkú kékeré kan náà lè gbé ẹnì kan dé àpáàdì kó má fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlòmíì ní nǹkan kan, bí òkúta iyọ̀ ṣe máa ba omi ife kan jẹ́ tí ò sì ní ba odò Gánjíìsì jẹ́, ó wà lọ́wọ́ bí èèyàn ṣe tún ìyókù ayé ẹ̀ ṣe. Ibi tí kámà kọjú sí jù lọ́dọ̀ ẹ̀ nìyẹn, ohun tó o máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn tó ń sọ pé gbogbo nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ti wà nínú iṣẹ́ àtijọ́, ó bá wọn jà, ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, apànìyàn á ní iṣẹ́ àtijọ́ ló ní kóun pààyàn, kò tún ní sídìí láti gbìyànjú nǹkan kan.

Ó ku ìbéèrè yín tó le: ta ló ń padà wá? Ẹ má bínú pé fídíò yẹn dà yín lójú rú, àwọn fúnra wọn ti ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ yẹn ò nira: bàbá kú, ẹ̀mí bàbá padà sílé ara ẹ̀, ọmọ di Babátúndé, a jó, a yọ̀. Búdà ò gbà pé ohun kan tí ò ní yí padà láéláé wà nínú èèyàn tó lè gbéra kúrò nínú ara kan wọ òmíì. Síbẹ̀ ó ní àtúnbí wà. Ẹ̀yin ẹ mọ àwọn aláró. Ìkòkò aró tí wọ́n bá ń bu ẹ̀lú tuntun àti omi eérú tuntun kún, tó bá ti pẹ́ tó, ó lè má ku ẹ̀kán kan nínú aró àkọ́kọ́, síbẹ̀ tí wọ́n bá ba aró yẹn jẹ́ lánàá, aṣọ tòní ló máa jìyà ẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó rìn láti àná wá, àmọ́ tàná ló bí tòní. Ohun tí wọ́n ń wí nìyẹn.

Ọba kan tó jẹ́ Gíríìkì, Milinda, tó jọba ní apá àríwá ìwọ̀ oòrùn Íńdíà ní nǹkan bí ọdún 150 ṣáájú ìbí Jésù, ìwé kan wà tó sọ bó ṣe fi ìbéèrè yín yìí fún mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Nagasena lọ́rùn. Nagasena ní, Kábíyèsí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ tóbi báyìí àti ọmọ ọwọ́ tó ń na gbalaja nígbà kan, ṣé ẹnì kan náà ni yín? Ọba ní rárá. Nagasena ní áà, tó bá jẹ́ ẹlòmíì ni, a jẹ́ pé ẹ ò ní ìyá nìyẹn, ẹ ò ní bàbá, ẹ ò ní tíṣà! Kì í ṣe ẹnì kan náà, kì í sì í ṣe ẹlòmíì, ibẹ̀ ló dá a dúró sí. Ọba ní kó tún un ṣe. Ó ní tẹ́nì kan bá jí máńgòrò ká, tí wọ́n mú un wá síwájú yín, tó ní máńgòrò tóun ká kọ́ ni èyí tí bàbá yìí gbìn, òmíì lòun ká, ṣé ẹ máa dá a sílẹ̀? Ọba ní ó jẹ̀bi, torí èyí tó ká, inú èyí tí wọ́n gbìn ló ti wá. Nagasena ní bó ṣe rí náà nìyẹn. Ká sòótọ́, mi ò rò pé ìdáhùn yẹn parí ọ̀rọ̀, torí ẹni tó jí máńgòrò mọ̀ pé òun jí i, ẹni tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ láyé àná ò rántí nǹkan kan.

Ó dun àwọn kan nínú wọn náà. Ẹgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pudgalavada, àwọn ní ó gbọ́dọ̀ ní irú "ẹni" kan tó ń ru ẹrù yẹn, tí èèyàn ò lè sọ pé òun àti ara jẹ́ ọ̀kan tàbí wọ́n yàtọ̀. Àwọn yòókù bú wọn pé wọ́n fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé mú ọkàn wọlé, bẹ́ẹ̀ wọn ò kéré o, Xuanzang, mọ́ńkì ará Ṣáínà tó rin Íńdíà já ní ọ̀rúndún keje, bá wọn níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn Yogacara, ẹgbẹ́ míì nínú wọn, ní àká kan wà nísàlẹ̀ ọkàn tí gbogbo ìwà ń ju irúgbìn sí. Àwọn Theravada, ìyẹn ti Thailand àti Sri Lanka, ní bí ìmọ̀ ìkẹyìn bá ti kú báyìí, ti ayé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí àárín. Àwọn ará Tibet ní irọ́ o, àárín wà, ó lè tó ọjọ́ 49, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kàwé sétí òkú. Ní Tibet kan náà ni wọ́n ti ń wá ọmọdé kiri pé òun ni ọ̀gá wọn tó kú tó padà wá, Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn wọn tó wà lórí oyè báyìí, ọdún 1935 ni wọ́n bí i, ọmọ kékeré ló wà nígbà tí wọ́n ní òun ni. Lọ́dún 2007, ìjọba Ṣáínà, tí ò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣòfin pé àtúnwáyé irú àwọn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ lè rẹ́rìn-ín.

Ní Jàpáánì, olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà kan, Shinran, tó kú lọ́dún 1263, ní èèyàn burúkú gan-an ni àánú Amida, Búdà míì tí wọ́n ń képè níbẹ̀, wà fún jù, kò sí iye iṣẹ́ rere tó lè gba èèyàn là fúnra ẹ̀. Àwọn Zen, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn Búdà míì, náà ní ìtàn kan: bàbá arúgbó kan wá gbọ́ ìwàásù Baizhang, ọ̀gá wọn kan, ó ní òun ti jẹ́ ọ̀gá mọ́ńkì nígbà kan, wọ́n bi òun bóyá ẹni tójú ẹ̀ là kúrò lábẹ́ kámà, òun ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sì di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fún ayé 500. Baizhang ní kì í bọ́ lábẹ́ ẹ̀, kì í kàn fojú fò ó ni. Bàbá náà bọ́ nínú awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.

Ẹni tí mo fẹ́ kí àbúrò yín gbọ́ nípa ẹ̀ jù ni B. R. Ambedkar. Ọdún 1891 ni wọ́n bí i ní Íńdíà sínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹni àìfọwọ́kàn, àwọn tí ò gbọ́dọ̀ mu omi nínú kànga tàwọn yòókù ń mu, tí wọ́n sì ń sọ fún látìran dé ìran pé ìwà yín láyé àná ló jẹ́ kẹ́ ẹ wà níbi tẹ́ ẹ wà. Ó kàwé títí dé Amẹ́ríkà àti London, òun ló ṣe alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ilẹ̀ Íńdíà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá 1956 ní ìlú Nagpur, ó di ẹlẹ́sìn Búdà, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ẹ̀ sì bá a ṣe é lọ́jọ́ náà. Kò tó oṣù méjì ló kú. Ìwé tó fi sílẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1957, ó béèrè ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí gẹ́lẹ́: Búdà ní kò sí ọkàn, báwo ni kámà ayé àná ṣe wá ń mú ẹ̀dá? Òun ní òfin ìwà rere inú ayé yìí ni kámà, ẹni tó bá hùwà burúkú, ayé tí gbogbo wa jọ wà nínú ẹ̀ ló ń bà jẹ́. Èyí tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ ayé àná ló sọ èèyàn di òtòṣì, ó ní kò wúlò fún nǹkan kan ju pé kí ìjọba àti àwùjọ lè ríbi sá sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹ́sìn Búdà míì ní ó gé ẹ̀sìn yẹn dà sí bó ṣe wù ú, bóyá wọ́n sì jàre. Àmọ́ òun ti mọ bó ṣe máa ń rí kí wọ́n fi ayé àná na èèyàn lẹ́gba.

Mọ́ńkì tẹ́ ẹ gbọ́ tó ní kò sí àtúnwáyé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn Buddhadasa ló ń tọ̀, ará Thailand náà, ó kú lọ́dún 1993. Òun ní gbogbo ìgbà tí "èmi" àti "tèmi" bá yọ lọ́kàn rẹ, a ti bí ẹ nìyẹn, tó bá rọlẹ̀, o kú, o lè tún ayé wá nígbà mélòó kí ilẹ̀ tó ṣú. Stephen Batchelor, òyìnbó kan tó ti ṣe mọ́ńkì rí, ní ká sòótọ́ pé a ò mọ̀, ká máa ṣe èyí tá a mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá ní dandan kí n sọ èyí tí Búdà sọ gan-an, èrò tèmi ni pé àwọn tó ní kò sọ ọ́ rárá ń yọ egungun kúrò nínú ẹja. Ìwé wọn sọ pé lóru tójú ẹ̀ là ní Bodh Gaya, ó rí àwọn ayé tó ti gbé, ó sì rí bí ẹ̀dá ṣe ń kú tí wọ́n ń tún bí wọn bí ìwà wọn ṣe rí. Ó gbà á gbọ́. Àmọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Kalama tí ẹnu oríṣiríṣi oníwàásù ti sú, kò fipá mú wọn gbà á. Ó ní ẹ máa gbé láìsí ìkà lọ́kàn, tí ayé míì bá wà, ẹ jèrè, tí ò bá sí, ẹ ti gbé èyí ní àlàáfíà. Àwọn tó ń wádìí lóde òní náà ò rí kámà tí wọ́n ń pariwo: Ian Stevenson, dókítà ní yunifásítì Virginia, gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọdé tí wọ́n ní àwọn rántí ayé kan tẹ́lẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìgbò tiwa níbí náà, òun tó sì gba ọ̀rọ̀ náà sí pàtàkì gan-an ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó fi hàn pé ipò táwọn ọmọ náà wà báyìí ni ìyà ìwà àtijọ́.

Ó ku tilé yín, àbíkú. Mi ò ní bá àwọn àgbà jiyàn lórí ìwé. Àmọ́ ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ méjèèjì máa ń wú, èyí ló sì gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo lẹ́tà yín. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), ìyẹn ti SS, bó ṣe sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn lára ọmọ ọwọ́ nìyẹn, ó sì máa ń jẹ́ lẹ́yìn oṣù bíi márùn-ún sí mẹ́fà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló jẹ́ AS tára ẹ̀ sì le kokooko. Tí ọkọ bá jẹ́ AS tí ìyàwó náà jẹ́ AS, gbogbo oyún tó bá ti wọlé, ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ á jẹ́ SS, ìwà ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, ó sì lè jẹ́ nǹkan míì ló pa wọ́n, ẹ ní kí tọkọtaya náà jọ lọ yẹ jínótáìpù wò, ní FMC Ìdí-Àbà tàbí ilé ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ wọn. Káàdì àtijọ́ tí wọ́n fún wọn nígbà ìgbéyàwó, ẹ má gbára lé e, kí wọ́n tún un ṣe. Tó bá jẹ́ AS àti AS, kí wọ́n rí dókítà kí oyún míì tó wọlé, torí ọmọ SS tí wọ́n bá tètè mọ̀, oògùn ibà àti oògùn kòkòrò àrùn wà tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ fún un láti kékeré, oògùn tó ń jẹ́ hydroxyurea náà sì wà. Kí ọkọ bá a lọ o. Ẹ̀jẹ̀ ìyàwó nìkan ò lè sọ ọ́ fún wọn.